Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Ṣé lóòótọ́ ni oúnjẹ ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ásíìdì?

Okun o, gbogbo ilé. Látìgbà táwọn kan ti ń gbé omi inú ike kiri ọjà àti ìpàdé ẹgbẹ́, láti Kábà títí dé Ìsánlú, pé ó ń lé ásíìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Torí náà ọ̀rọ̀ ásíìdì àti álíkálì nìkan la máa sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣe sùúrù, ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn jù kúrú o, ẹ má bínú.

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́. Obìnrin kan wá ta omi álíkálì fún wa nípàdé, ó ní ẹran, ìrẹsì àti ṣúgà ti sọ ẹ̀jẹ̀ wa di ásíìdì, pé òun ló fà á tí orúnkún fi ń dùn wá. Ó ní ká tọ̀ sínú ife, ó ti bébà kan bọ̀ ọ́, bébà yẹn yí àwọ̀, ó ní ẹ ò rí i bí? Owó ike kan pọ̀ gan. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Ìbejì, Kábà

Ẹ má rà á, mà. Ẹ fi owó yẹn ra ẹja.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ó pọ̀ tó ń kó sí i. Ohun tó bá kan ní ásíìdì nínú, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omidùn orí ògì. Kán-ún àti omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, álíkálì nìyẹn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni wọ́n ń pè ní pH, ará Denmark kan tó ń jẹ́ Sørensen ló gbé e jáde lọ́dún 1909, ní lábù iléeṣẹ́ ọtí Carlsberg ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà (ẹ ò rí i pé ọtí náà wúlò díẹ̀). Nọ́ńbà 7 ló wà láàrin, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ásíìdì ni, èyí tó bá kọjá ẹ̀ álíkálì ni. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn tára ẹ̀ dá, 7.35 sí 7.45 ló máa ń wà. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ yín ti jẹ́ álíkálì díẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ta omi kankan fún yín nígbà yẹn. Tó bá já wálẹ̀ dé 6.8, tàbí tó bá gòkè dé 7.8, ẹni náà ò ní lè wá sípàdé ẹgbẹ́ rárá, inú ewu ikú ló wà. Nítorí náà ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń bá yín rẹ́rìn-ín, tó ní ẹ̀jẹ̀ yín ti di ásíìdì, irọ́ ló ń pa.

Báwo lara ṣe ń ṣe é tí kì í yẹ̀? Ẹ lọ sídìí àdògán yín, ẹ gún kán-ún díẹ̀ sínú ife, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó máa hó ṣùùù. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú híhó yẹn, òun gan-an ni afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí síta nísinsìnyí tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́síìdì ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wà nínú kán-ún tó ń bá ásíìdì jà, ẹ̀yà ẹ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, báíkábọ́nétì lorúkọ ẹ̀. Ojoojúmọ́ lásíìdì ń jáde látinú oúnjẹ tí ara ń lò àti iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe, bó bá ṣe ń dé ni báíkábọ́nétì ń pàdé ẹ̀ lọ́nà, á sọ ọ́ di omi àti afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ̀dọ̀fóró á sì tú afẹ́fẹ́ náà dànù. Tí afẹ́fẹ́ bá ń pọ̀ jù, ásíìdì ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á wá ní kẹ́ ẹ mí kíákíá, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti tún un ṣe. Ásíìdì tí ò lè di afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kíndìnrín ló ni ìyẹn, á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, á sì dá báíkábọ́nétì padà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò yá bí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó parí iṣẹ́ ẹ̀.

Bébà tí obìnrin yẹn tì bọ ìtọ̀ wá ńkọ́? Ìtọ̀ ló wọ̀n, kò wọn ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ lè wà ní 4.5, ó lè dé 8, ó sinmi lórí ohun tẹ́ ẹ jẹ. Kó yí padà ló dáa, ó túmọ̀ sí pé kíndìnrín yín ń da ohun tó yẹ kó dà. Omi náà fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e mì, inú ikùn ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, ásíìdì tó wà níbẹ̀ le débi pé pH ẹ̀ jẹ́ 1.5 sí 3.5, ibẹ̀ lálíkálì tẹ́ ẹ fowó rà ti máa parí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán o. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert O. Young ló gbajúmọ̀ jù nídìí ọ̀rọ̀ álíkálì yìí, ó ń gba àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílé, ó ń fa omi báíkábọ́nétì sí wọn lára. Lọ́dún 2016 ilé ẹjọ́ ní California dá a lẹ́bi pé ó ń ṣiṣẹ́ dókítà láìní ìwé àṣẹ. Ẹ ò lè fọ jẹjẹrẹ pẹ̀lú kán-ún. Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá eegun tó ti ń jẹ ni, bóyá ìwọ̀n ara ni, ẹ̀jẹ̀ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti èso dáa, ẹ máa jẹ wọ́n, àmọ́ kì í ṣe torí pé wọ́n ń yí ẹ̀jẹ̀ padà.

Mà, mo fẹ́ mọ ìdí táwọn dókítà fi ń wo nọ́ńbà mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá yẹ ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ló dé tí pH nìkan ò tó? — Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, o ṣeun, ìbéèrè gidi rèé. pH kàn máa sọ fún ẹ pé wàhálà wà ni, kò ní sọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Kábọ́ọ̀nù-dáyọ́síìdì (35 sí 45) ló ń sọ tẹ̀dọ̀fóró, báíkábọ́nétì (22 sí 26) ló ń sọ tàwọn tó kù, kíndìnrín, ìgbẹ́ gbuuru, ṣúgà. Tó o bá fi ọ̀kan sílẹ̀ ó lè tàn ẹ́ jẹ gan.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀. Lọ́dún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní Copenhagen lórílẹ̀-èdè Denmark, ó ń mú èèyàn débi tí wọn ò fi lè mí mọ́. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ tó ń báni mí, 27 kú. Àwọn dókítà wo ẹ̀jẹ̀ wọn, báíkábọ́nétì pọ̀ gan, wọ́n wá rò pé álíkálì ló pọ̀ jù nínú ara wọn, wọn ò mọ ohun tó fà á. Dókítà Bjørn Ibsen, tiẹ̀ ni pé kó máa fún èèyàn lóògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ, òun ló sọ pé rárá o, afẹ́fẹ́ tí wọn ò rí mí síta ló kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ásíìdì ló ń pa wọ́n, báíkábọ́nétì tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn ara ló ń fi jà. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan tó ti ń kú lọ wá fún un, wọ́n lu ihò sí i lọ́fun, ó fi ọwọ́ fún báàgì afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ọmọ yẹn sì yè. Ẹ̀rọ ò sí tó máa ṣe irú ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ni wọ́n bá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà, bíi 1,500 ni wọ́n, wọ́n ń gba báàgì lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ikú wálẹ̀ débi ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ICU, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹni tí àìsàn ẹ̀ le gan-an tọ̀sán tòru, ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà tí wọ́n bá ní kó o ka nọ́ńbà mẹ́ta, ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ gbà mí, ọmọ mi ọmọ ọdún méjì ń ṣu gbuuru láti àná tó jẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule, kò wúkọ́, imú ẹ̀ ò dí. Ìyá ọkọ mi ní òtútù àyà ni ká fi àdí pa á lára. — Ìyá Tóyìn, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Mo ti pe yín lórí fóònù ṣáájú kí n tó kọ èyí, àmọ́ mo gbé e síbí torí àwọn tó kù.

Ẹ bá mi kí Màmá, wọn ò burú, òtútù àyà náà máa ń mú ọmọ mí kíákíá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí ò wúkọ́ tó wá ń mí jinlẹ̀, tó ń mí kíákíá, ẹ wò ó pé báíkábọ́nétì ló ń bá ìgbẹ́ lọ. Omi ìfun kún fún un. Tó bá ti ń jáde báyìí, ásíìdì á máa gbilẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á wá máa sá eré láti fi mímí lé e dànù. Mímí yẹn kọ́ ni àìsàn, ara ló ń gba ara ẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í lè ṣe é títí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ló ń lọ, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la.

Kó tó di pé ó dà bẹ́ẹ̀, ORS ni, ìyẹn oògùn inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn èèyàn rò pé iyọ̀ àti ṣúgà lásán ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tá a fi ń rà á. Síkítíréètì wà níbẹ̀, gíráàmù 2.9 nínú lítà kan, tó bá dénú ara á di báíkábọ́nétì, òun ló ń dá èyí tí ìgbẹ́ kó lọ padà. Pọ̀táṣíọ́mù náà wà níbẹ̀. Èyí tá a ń pò nílé ò ní méjèèjì, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ tí sáṣẹ́ẹ̀tì ò bá sí nítòsí: omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù lítà kan, ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà tẹ́ ẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú, àti ìlàjì ṣíbí tíì kékeré kan náà iyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ike omi 75cl kì í ṣe lítà kan o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, iyọ̀ á wá pọ̀ jù. Ẹ má fi kán-ún sí i torí pé mo ní báíkábọ́nétì, mo mọ̀ yín. Ẹ máa fún un lọ́yàn lọ, ẹ máa fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ sì bèèrè síǹkì ní ẹ̀ka ìlera, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá fún ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ.

Tí ojú ọmọ bá ti jìn, tí ò sunkún omijé, tí ò tọ̀, tó kàn ń sùn ṣáá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ SS, ẹ má tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn, torí ásíìdì àti àìtó omi ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wọn ká kò, kí ara ríro bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan bèèrè pé èébì ńkọ́. Òdìkejì ni, ásíìdì inú ikùn ló ń bá èébì jáde, ẹ̀jẹ̀ á wá fì sí álíkálì. ORS náà ni tó bá lè gbé e mì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, tí ò bá dúró, ilé ìwòsàn.

Tí ẹ̀rù bá bà mí, ìka mi á máa ta mí ṣìnṣìn, ètè mi á kú, ọwọ́ mi á ká kò. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọlé jókòó ìdánwò JAMB. Àwọn ará ilé ní wọ́n ń ṣe mí. — Mọ̀pà

Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ́. Ìbẹ̀rù ló mú ẹ mí léraléra, o tú kábọ́ọ̀nù-dáyọ́síìdì dànù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ẹ fì sí álíkálì fúngbà díẹ̀, kálísíọ́mù tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lára iṣan wá dín kù, òun ló ń ta ẹ́. Jókòó, mí wọlé jẹ́jẹ́ látimú, jẹ́ kí èyí tó ò ń mí jáde gùn ju èyí tó wọlé lọ. Wọ́n máa ń ní kéèyàn fi àpò bébà bo imú, a ò ṣe é mọ́, torí tó bá jẹ́ asíímà tàbí ọkàn ló ń yọ ẹni náà lẹ́nu, àpò yẹn lè pa á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣe ẹ́ báyìí, tàbí tí àyà bá ń dùn ẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó gbà pé ìbẹ̀rù lásán ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ó ń mu omi bí ẹni máa mu odò, ó rù kan egungun. Lẹ́yìn ẹ̀ ó ń bì, inú ń run ún, ó ń mí tagbára tagbára. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tún gbé e lọ sílé àdúrà, ọjọ́ tá a máa fi gbé e dé Lọ́kọ́jà kò mọ èèyàn mọ́. Wọ́n ní ṣúgà ni, wọ́n ní ásíìdì ti kún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ó ti gbádùn báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo fẹ́ mọ̀, ọmọdé lè ní àtọ̀gbẹ? Ṣúgà wá báwo ló ṣe di ásíìdì? — Bàbá kan, Ìyàrà

Ẹ kú ewu ọmọ o, sà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì torí gbogbo àmì tí à ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló wà nínú ẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé máa ń ní in. Irú tiwọn, ara ò ṣe ínsúlínì mọ́. Ínsúlínì ló ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Tí ò bá sí, ṣúgà á kún ẹ̀jẹ̀ àmọ́ ebi á máa pa ara, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tó ní, òun lọmọ fi ń rù. Ọ̀rá tó ń jó lójijì yẹn ló ń tú ásíìdì tí wọ́n ń pè ní kétóònù sínú ẹ̀jẹ̀. Báíkábọ́nétì á jà títí á fi tán. Ṣúgà tó pọ̀ á sì máa fa omi jáde sínú ìtọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mu omi tí kì í tó o. Nígbà tó bá yá ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló kù tó ń bá a jà, ọmọ á máa mí jinjinjin láìdúró bí ẹni sáré gun òkè. Dókítà ará Jámánì kan, Adolf Kussmaul, ló kọ nípa irú mímí yẹn lọ́dún 1874, orúkọ ẹ̀ la ṣì ń pè é dòní. Nígbà náà ẹni tó bá ti ń mí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa múra ìsìnkú ni. Àfi ìgbà tó di January 1922 tí wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní Toronto, òun lẹni àkọ́kọ́.

Ẹ gbóòórùn ẹnu ọmọ náà nígbà yẹn? Ó máa ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, bí ohun tí wọ́n fi ń nu àwọ̀ èékánná. Àwọn kan ò lè gbóòórùn ẹ̀ o, nítorí náà tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ọ ẹ má fi ọkàn balẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí ni pé tẹ́ẹ̀sì tó lè mú un ò ju gígún ìka lọ, ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá ti ń tọ̀ jù, tó ń mumi jù, tó ń rù, kí wọ́n tó fún un lóògùn ibà kejì ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀. Mi ò bá ilé àdúrà jà, pásítọ̀ tó mọ nǹkan, òun gan-an ló máa sọ pé ẹ kọ́kọ́ gún ìka ọmọ yìí. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó máa wá sọ pé ewé kan wà tó ń wò ó sàn, pé kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ dúró. Ọmọ yín ò gbọdọ̀ dá ínsúlínì dúró, kódà lọ́jọ́ tí ò bá lè jẹun; ọjọ́ tára ẹ̀ ò bá yá gan-an ni kétóònù máa ń tètè gòkè, ẹ pe dókítà kó sọ iye tó máa gbà. Ẹ bá mi sọ fún tíṣà ẹ̀ náà.

Mo ní ọ́lsà, kán-ún tí mo ń pò mu ló ń bá mi dá a dúró, ṣé ó léwu? — Oníkajú, Ẹ̀gbẹ̀

Ó léwu. Kán-ún á pa ásíìdì inú ikùn fún ìgbà díẹ̀, ẹ á gùfẹ̀ẹ́, á tù yín, lẹ́yìn náà ikùn á tún ṣe òmíràn. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ á máa gbé ẹ̀jẹ̀ yín ga, á máa dá kíndìnrín lágara, kíndìnrín kan náà tá a ní òun ló ń ṣọ́ ásíìdì. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń jù sínú ẹ̀wà ò ṣe nǹkan, díẹ̀ ni. Ọ́lsà fúnra ẹ̀, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀, oògùn ara ríro tí à ń gbé mì láìjẹun ló tún ń fa òmíràn. Barry Marshall ní Australia mu kòkòrò yẹn fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984 kí wọ́n lè gbà á gbọ́ (àìsàn ṣe é), òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Oògùn tó ń pa kòkòrò náà wà, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ṣu ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró kí kajú tán lóko.

Wọ́n ní ògógóró kan lè fọ́ èèyàn lójú, ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà wá? — Àwọn ọ̀dọ́ ibùdókọ̀, Kábà

Òótọ́ ni, ẹ ò sì ní láti lọ jìnnà, ní Ode-Irele nípìnlẹ̀ Ondo lọ́dún 2015 èèyàn ń kú, ojú àwọn mìíràn ń fọ́, wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, ìgbà tí lábù máa yẹ̀ ẹ́ wò mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ò rùn yàtọ̀, kò sì ta yàtọ̀ sí ọtí gidi. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà sí ásíìdì fọ́míìkì, ìyẹn ló ń ba iṣan ojú jẹ́ tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ sí ásíìdì. Kì í ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún kó tó fara hàn, ẹni náà á rò pé ọtí àná ló ṣì ń dà á láàmú: orí fífọ́, èébì, ojú tó ń ríran bíi pé kùrukùru bò ó, mímí kíákíá. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ni, wọ́n máa fún un ní ohun tí ò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ yí i padà, wọ́n máa fa báíkábọ́nétì sí i, wọ́n lè fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì fi àkókò ṣòfò, kẹ́ ẹ sì gbé ìgò tó ṣẹ́ kù dání, kẹ́ ẹ wá gbogbo ẹni tó bá a mu nínú ìgò kan náà, kódà tí wọ́n bá ní ara àwọn le.